Mo Gun Òkè Kèrè Tèmi Ti Rédíò Mi

Bàtà ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Bàtà aláwọ tí mo fi ń lọ òde ìgbéyàwó ni mo wọ̀ lọ gun òkè, torí mo ti wò ó láti ìsàlẹ̀, mo sì ti gbà pé kò tó nǹkan.

Ìlú òkè 41 ni wọ́n ń pe Ìdáàṣà, ní orílẹ̀-èdè Benin. Àpáta ńláńlá ni àwọn òkè náà, wọ́n kàn yọrí láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òpó rédíò gíga tó wà lórí òkè Kèrè ni mo fẹ́ fojú rí. Ọmọkùnrin kan tó ń da ewúrẹ́ ní òun á mú mi débẹ̀. Sálúbàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Àánú náà ò pẹ́ tó fi yí padà. Àpáta ń yọ̀, bàtà ń yọ̀, àfi bí mo ṣe bá ara mi ní ìjókòó. Ní ìsàlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n lọmọ yìí ń pè mí. Ká tó dé àárín òkè, mo ti di Bàbá. Mo ní mo kàn fẹ́ sinmi ni. Kójú má baà tì mí, mo sọ ọ́ di kíláàsì: pé Ìbàdàn ni mo ti wá, níbi tí tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, tí ti Benin ò dé àfi 1978. Ẹni tó gbọ́ mi á rò pé èmi ni mo gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀! Mo ní ohùn FM kì í yà sí kọ̀rọ̀, ọ̀nà tààrà ló ń gbà, òkè tó bá sì dí i lójú á dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé òpó sórí òkè. Bí orí òpó bá fi mítà 100 ga ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ lè dé nǹkan bíi kìlómítà 40.

"A mọ̀," lọmọ náà wí. "Ìyá mi ń gbọ́ ọ lóko."

Nídìí òpó, mo yọ rédíò kékeré jáde lápò. Níbo ni ohùn ì bá tún ti dùn tó ibẹ̀? Ṣùùù ni mo gbọ́. Mo yí i sókè, mo yí i sódò, mo fa eriali rẹ̀ títí ó fi dá. Ọmọ náà ń wò mí. Àlàyé tún yọ sí mi lọ́kàn: ọ̀nà jíjìn ni eriali orí òpó kọjú sí, kì í fi bẹ́ẹ̀ da ohùn sí ìdí ara rẹ̀, yàtọ̀ síyẹn, agbára tó wà nítòsí òpó lè da rédíò kékeré rú. Òótọ́ sì ni, ẹ bi àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo ń tún un sọ bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, òun lórí ẹsẹ̀, èmi lórí ìdí.

Nísàlẹ̀, rédíò ìyá kan tó ń ta gàrí ń sọ̀rọ̀ ketekete. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fi ọwọ́ kan bo ibi tí ṣòkòtò mi ti ya, mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi. Ìyá gba rédíò lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi èékánná ti bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti SW sí FM. Ohùn bú jáde.

"Ọkọ mi," ó ní, "gàrí èló ni kí n wọ̀n fún ọ?"

Mo ra èyí tí apá mi ò lè gbé.