Ti Ogun, Ìròyìn Tó

Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n panu dé. Wọn ò mọ̀ pé sinimá ń bọ̀ wá dé ẹ̀gbẹ́ Cocoa House ní Dùgbẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ọmọkùnrin kan máa ti Bódìjà wọ Micra lọ síbẹ̀, á sanwó, á ra gúgúrú, á jókòó sínú òkùnkùn fún wákàtí méjì, á wá jáde sójú títì bí ẹni tó ti ojú ìjà bọ̀. Bó bá délé, kì í sọ pé òun wo fíìmù. Ó ní, "Mo fojú mi rí i!" Ta ni yóò bá a jiyàn? Ojú rẹ̀ náà ni. Gúgúrú sì ṣì wà létè rẹ̀.

Lọ́dún 2022 tí fíìmù Top Gun: Maverick dé, a rí nǹkan. Oòrùn Ìbàdàn ń yan èèyàn, àwọn kan ń fi jákẹ́ẹ̀tì aláwọ rìn ní Bódìjà, òógùn ń ro tótó lára wọn. Dígí dúdú ò kúrò lójú wọn, ìbáà jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ tí wọ́n ti mú iná lọ. Ẹnìkan ń bẹ láàárín wọn tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Páílọ́ọ̀tì. Lórí fóònù rẹ̀, ó lè gbé bàálù ajagun balẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà lóru, nínú ìjì. Ṣùgbọ́n bó bá gun ọ̀kadà láti Challenge dé Ring Road, ṣe ló máa ń di ọlọ́kadà mú gírígírí, táá máa pe orúkọ Jésù. Kò sí bàálù tó ń kọjá lọ sí Alákìá tí kò ní dárúkọ rẹ̀ àti orúkọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò tíì wọ bàálù rí.

Iyàn wọn ni kí ẹ wá gbọ́. Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Agbowó, lódìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, méjì nínú wọn fẹ́ẹ̀ jà lórí Dunkirk, fíìmù tí Christopher Nolan ṣe lọ́dún 2017. Ọ̀kan ní ìtìjú gbáà ni fíìmù náà, nítorí wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò kun imú bàálù àwọn Jámánì, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ìjà Dunkirk ti parí lọ́dún 1940 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún bẹ́ẹ̀. Èkejì ní òun gbà, àmọ́ kí wọ́n ṣáà yin ìyẹ́ Spitfire, bàálù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí kò sí ìṣó kan tó ṣì ibi tó yẹ kó wà. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí onígbàjámọ̀ fi dáwọ́ dúró. Ó ti fá ìdajì orí oníbàárà rẹ̀, ìdajì kù. Ó bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, àwọn sójà tó há sétí òkun yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n padà délé?" Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Àwọn tí ọkọ̀ kó kúrò létí òkun náà lé ní 338,000, wọn ò ráàyè wo ẹyọ kan nínú wọn. Imú bàálù ni wọ́n ń wò.

Òótọ́ ni wọ́n ní àwọn ń wá. Kí bàálù jọ bàálù, kó dún bó ṣe ń dún, kó yí bó ṣe ń yí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tú aṣọ lára òótọ́ náà wò.

Wọn a máa fi Battle of Britain búra, fíìmù tó jáde lọ́dún 1969. Bàálù gidi ló fò níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Sípéènì ni wọ́n ti lọ kó bàálù tó ṣe Jámánì wá, ẹ́ńjìnnì Merlin ti Rolls-Royce ló sì wà nínú wọn, ẹ́ńjìnnì kan náà tó gbé orúkọ Spitfire ga. Ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì ń lé ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì kiri lójú ọ̀run, àwa jókòó, à ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó borí.

Top Gun àkọ́kọ́, ti ọdún 1986, ní MiG-28 ni àwọn ọ̀tá ń gbé fò. Kò sí bàálù tó ń jẹ́ MiG-28 láyé yìí. F-5 ti Amẹ́ríkà ni wọ́n kùn ní dúdú. Ibi kan ṣoṣo tí òótọ́ ti yọjú nínú iṣẹ́ fíìmù náà, kò sẹ́ni tó gé tíkẹ́ẹ̀tì láti wò ó. Ní September 1985, Art Scholl, ọ̀gbójú awakọ̀ òfurufú tó ń bá wọn ya àwòrán ojú ọ̀run, mọ̀ọ́mọ̀ mú kí bàálù rẹ̀ máa pòyì wálẹ̀ nítorí kámẹ́rà. Bàálù náà ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó já sínú òkun nítòsí California, wọn ò sì rí òun tàbí bàálù náà mọ́ láé. Wọ́n fi fíìmù náà ṣe ìrántí rẹ̀. Àwọn páílọ́ọ̀tì Bódìjà mọ iye rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yìn nínú fíìmù yẹn. Wọn ò mọ orúkọ ọkùnrin yìí.

Ti Maverick tó mú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ wọ̀lú ńkọ́? Tom Cruise mọ bàálù wà, ó sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ò jẹ́ kó wa F-18 wọn. Páílọ́ọ̀tì tiwọn ló wà níwájú, àwọn òṣèré jókòó sẹ́yìn bí èrò ọ̀kadà, wọ́n ń fajú ro fún kámẹ́rà. Owó tí wọ́n ń san fún wákàtí kan péré nínú bàálù náà lé ní dọ́là 11,000. Ẹ ò rí i pé ìròyìn ni gbogbo rẹ̀, ìròyìn olówó iyebíye tí wọ́n wọ̀ láṣọ àfojúbà.

Ohun tí ojú bá rí, ọwọ́ á fẹ́ ṣe é. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, pòròpórò àgbàdo àti agolo mílíìkì la fi ń ṣe bàálù tiwa, ẹni tí tirẹ̀ bá ní abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú ti di ọ̀gá. Àwọn ti òde òní ò gba ìyẹn. Mọ́dẹ́ẹ̀lì onírọ́bà ni wọ́n fẹ́, èyí tí iléeṣẹ́ Airfix ti ìlú ọba ti ń ṣe láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Spitfire wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1953. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù ni ọ̀kan nínú 72: ọkùnrin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà á di íǹṣì kan. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Peckham fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rà á, ó dé, ìyẹ́ kan ti dá nínú báàgì. Gọ́ọ̀mù tó yẹ kó bá a wá ò dé ní tirẹ̀, nítorí ó máa ń tètè gbiná, wọn ò sì gbà á nínú ẹrù. Ẹ gbọ́ o: bàálù kọ̀, kò gbé gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń to bàálù.

Páílọ́ọ̀tì wa bá lọ ra gọ́ọ̀mù oníṣẹ́jú àáyá, èyí tó ń lẹ ìka pọ̀. Ìyẹ́ lẹ̀, ìrù lẹ̀, àtàǹpàkò òun náà lẹ̀ mọ́ ìrù. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, èéfín gọ́ọ̀mù ti sọ dígí iwájú di funfun báláú. Bàálù tó wá òótọ́ títí dé orí ìṣó, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ò lè rí ìta.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ́dẹ́ẹ̀lì ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Lọ́dún 1942, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà bẹ àwọn ọmọ iléèwé kí wọ́n bá wọn fi igi gbẹ́ bàálù kéékèèké ìdajì mílíọ̀nù, ọ̀kan nínú 72 náà ni ìwọ̀n wọn, wọ́n sì kùn wọ́n ní dúdú pátápátá. Kò sí ìṣó, kò sí imú yẹ́lò. Wọ́n á so ó rọ̀ kí àwọn tó ń yìnbọn máa fi òjìji rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ bàálù ọ̀tá yàtọ̀ sí ti ará ilé. Iṣẹ́ tí mọ́dẹ́ẹ̀lì wá ṣe láyé nìyẹn: kí a má baà pa ẹni tí kò yẹ ká pa.

Àwa náà ti ṣe fíìmù bàálù ogun tiwa. Eagle Wings jáde lọ́dún 2021, Paul Apel Papel ló darí rẹ̀, Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà sì kún un lọ́wọ́. Páílọ́ọ̀tì wò ó tán, ó yọ ṣùtì. Ó ní kò jọ gidi.

Gidi wo lo ń wá? Ní January 17, 2017, bàálù ogun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí Rann ní Ìpínlẹ̀ Borno. Àgọ́ àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé ni. Àwọn dókítà MSF tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní nǹkan bí 90 èèyàn ló kú. Wọ́n ṣì wọ́n mọ̀ ni. Ará ilé ni wọ́n pè ní ọ̀tá. Ní December 3, 2023, dúróònù àwọn sójà ju bọ́ǹbù lu àwọn tó ń ṣe Máólúdì ní Tudun Biri, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Wọ́n ṣì wọ́n mọ̀ náà ni. Kò sí orin lábẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó wọ dígí dúdú. Ṣé ìyẹn jọ gidi tó?

Àfojúbà ogun òfurufú ò sì ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, ni ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè ọ́físà nínú RAF, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1942. Ó di awakọ̀ òfurufú. Ìjàǹbá bàálù pa á ní January 1945, nígbà tí ogun Yúróòpù ku oṣù mẹ́rin kó parí. Akin Ṣénbánjọ ló ń tọ́jú ẹ̀rọ wáyàlẹ́ẹ̀sì nínú bàálù Halifax kan ní ẹgbẹ́ 76 ti RAF. Àwọn tí wọ́n jọ ń fò kọ The Black Prince sí imú bàálù náà nítorí tirẹ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ DFC. Páílọ́ọ̀tì lè ka oríṣi Spitfire láti orí Mark kìn-ín-ní dé orí ìkẹyìn. Ẹ dárúkọ Ṣénbánjọ fún un, á bi yín pé àdúgbò wo ló ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká tún súnmọ́lé. Ní May 22, 1969, Carl Gustaf von Rosen, ọmọ Sweden, kó bàálù márùn-ún jáde fún Biafra. MFI-9B ni wọ́n, bàálù kíún tí wọ́n fi ń kọ́ni ní wíwà. Wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ abẹ́ ìyẹ́ wọn, wọ́n sì kọ lu pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt. Bí ẹ bá fi irú bàálù yẹn han àwọn páílọ́ọ̀tì Bódìjà, wọ́n á ní ohun ìṣeré ni. Ẹni tó wà ní Port Harcourt lọ́jọ́ náà ò pè é ní ìṣeré. Ní òdìkejì, bàálù ìjọba àpapọ̀ ń ju bọ́ǹbù, ó sì ń ba àwọn ọlọ́jà lọ́jà. Ìyá tó wà nídìí igbá gaàrí ò dúró ka ìṣó ara ìyẹ́. Ó sá ni. Kò sì wá sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ kó tún jọ gidi sí i.

Ó yẹ kí ọmọ Ìbàdàn mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí àgọ́ ogun ni ìlú yìí fi bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829. Lọ́dún 1877, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn wọ ogun Kírìjì. Ààrẹ Látòósà, olórí wọn, kú sí ibùdó ogun lọ́dún 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà lọ́dún 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí ibùdó ogun tó tú tán. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ni wọ́n fi fojú bá a. Àwọn jagunjagun wọ̀nyẹn, tí ó jẹ́ pé ogun níṣẹ́ wọn, agara dá wọn. Samuel Johnson, tí Aláàfin Adéyẹmí fi jíṣẹ́ sí gómìnà Èkó kí wọ́n lè bá àwọn tó ń jà làjà, fojú rí nǹkan ní ibùdó Ìbàdàn àti ti àwọn ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó jókòó, ó kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó fojú bá ogun ló ṣe wàhálà ìròyìn, kí àwa má baà tún ní láti fojú bá a.

Nítorí náà, mi ò ní bá àwọn àgbà jiyàn, mo kàn fẹ́ fi ààlà sí ọ̀rọ̀ wọn ni. Ìròyìn ò tó àfojúbà lórí ìyàwó tí wọ́n bá ọ wá, lórí Micra tí wọ́n ní kò ní àléébù, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ ní Akóbò. Lọ wò ó kí o tó sanwó. Àmọ́ àwọn àgbà kan náà ló ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àgbọ́ ni wọ́n wí. Ti ogun, ìròyìn tó. Ẹni tó ní kò tó òun, kò tíì gbọ́ ìró rẹ̀ rí.

Kí Páílọ́ọ̀tì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kó to bàálù rẹ̀, kó kun imú rẹ̀ ní àwọ̀ tó bá wù ú. Kódà kó kùn ún ní àdìrẹ, mi ò rí nǹkan kan sọ. Nínú gbogbo bàálù ajagun tí mo mọ̀, tirẹ̀ ló sàn jù: ó mọ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, kò lè gbé bọ́ǹbù, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ò sì ríran débi tí yóò yìnbọn lu ẹnikẹ́ni. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí bàálù náà dàgbà.