Ìka Mẹ́rin Nídìí Iyán

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé àlá lòun ń lá nígbà tó ṣì wà lójú àlá, ọ̀sán ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Yóò máa ka ìka ọwọ́ rẹ̀, yóò máa fún imú rẹ̀ pa, yóò sì gbìyànjú láti mí. Lójú ayé, ìka ò lé, ìka ò dín, èémí ò sì gba imú tí a fún pa. Lójú àlá, ìka lè di mẹ́fà, èémí á sì máa lọ geere. Bó bá ti mọ́ni lára lọ́sàn-án, a óò ṣe é lóru, ojú á sì là.

Kí ló kan èmi olóko kajú ní Doguè? Mo fẹ́ fò lójú àlá ni. Ará Faransé kan, Hervey de Saint-Denys, ti kọ̀wé lórí bí a ṣe ń darí àlá láti 1867. Ní 1975, ní Yunifásítì Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Keith Hearne fi ẹ̀rọ ṣọ́ ojú Alan Worsley tó ń sùn. Láti inú àlá ni Worsley ti ń yí ojú sọ́tùn-ún sósì bí wọ́n ti jọ ṣàdéhùn. Ojú ló lò, nítorí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹni tó ń lálàá a máa rọ jọwọrọ. Bí òyìnbó bá lè ránṣẹ́ láti ojú àlá, kí ló ní kí èmi má fò dé Manigri láìsan owó alùpùpù zémidjan?

Imú ló kọ́kọ́ kó bá mi. Mo lọ kí bàbá ìyàwó mi. Bí mo ti dọ̀bálẹ̀ dìde, mo rántí iṣẹ́ mi, ni mo bá fún imú pa níwájú wọn. Bàbá gbé etí agbádá wọn, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Àna mi, ṣé mò ń rùn ni?"

Ti òru ni Stephen LaBerge ti Stanford là sílẹ̀: jí lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, nítorí ìdájí ni àlá máa ń pọ̀, rántí èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ lá, kí o máa wí títí oorun á fi gbé ọ lọ pé, "Bí mo bá tún lálàá, n ó rántí pé àlá ni." Aago tẹlifóònù mi ké. Ìyá mi ní yàrá kejì rò pé àsùbáà ti tó. Wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n kírun, wọ́n tún dáná ẹ̀kọ, ilẹ̀ ò mọ́. Ìyàwó mi gbọ́ tí mò ń wí wúyẹ́wúyẹ́ nínú òkùnkùn, ó ká ẹní rẹ̀, ó ní òun ò bá olóògùn sùn.

Oorun tí mò ń já lóròòru gbẹ̀san níbi ìsọmọlórúkọ. Mò ń tòògbé nídìí iyán. Mo lajú, mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi: ìka mẹ́rin! Mo dìde, mo kígbe pé, "Àlá ni!" Mo na ọwọ́ sínú àwo àgbàlagbà tó jókòó tì mí, mo mú ẹran, mo jù ú sẹ́nu. Ọwọ́ òsì sì ni mo fi mú un. Ata ló jẹ́ kí n tún ọwọ́ ọ̀tún wò: àtàǹpàkò mi rì sínú òkèlè. Ẹran ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí mo fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Mo jáwọ́. Ìgbà tí mo jáwọ́ tán ni àlá náà dé. Mo wà níbi tí wọ́n ti ń wọn kajú, mo wo ọwọ́, ìka mẹ́fà. Mo lè fò kọjá igbó Monts Kouffé, mo lè dé Mẹ́kà. Oníṣòwò ni mo kọjú sí, mo ní òṣùwọ̀n rẹ̀ ò dọ́gba, mo bá a fà á títí ó fi san ẹgbẹ̀rún fáráǹkì lórí kílò kan. Ayọ̀ a máa tú irú àlá bẹ́ẹ̀ ká. LaBerge ní kéèyàn máa pòòyì kó má bàa jí. Mo rántí, ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ ka owó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rọ́ àlá náà fún ìyàwó mi, ó bi mí pé èló ni mo ta kajú náà. Mo sọ fún un. Ó tẹ́wọ́: "Ó dáa, mú owó oúnjẹ wá."