Ògá Mẹ́káníìkì, Ẹ Bá Wa Wò Ó

Ojú ṣì ń tì mí, ṣùgbọ́n bí n kò bá tètè sọ ọ́, kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ yẹn á bá mi sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ. Mo fẹ́ múra bí àwọn tó ń lé iwin nínú Ghostbusters, fíìmù 1984, lọ síbi àpèjọ àwọn tó ń múra bí ẹ̀dá inú fíìmù. Látìgbà tí Ayodele Elegba ti dá Lagos Comic Con sílẹ̀ ní 2012, àwọn ọmọ Èkó ti ń náwó sí irú eré yìí gidi. Aṣọ náà ò ṣòro lójú: kófárọ́ọ̀lù kakí, ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tí wọ́n rán pọ̀, síìpù gbọọrọ níwájú. Mo ní maṣíìnì nílé ní Ire-Akárí. Kí ni mo fẹ́ fi télọ̀ ṣe?

Sísọ ọ́ di ògbólógbòó ló dùn mọ́ mi jù. Ibi tí ara ti máa ń ha aṣọ gan-an ni wọ́n ń fi sáńpépà ha: orúnkún, ìgúnpá, etí àpò. Tíì tí wọ́n sè kó le ni wọ́n ń wọ́n sí i kó lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bílíìṣì ní tirẹ̀, ẹ bu omi là á, ẹ sì tètè ṣan án kúrò, torí ó ń jẹ aṣọ òwú bíi kakí. Èmi ò bu omi là á. Mo dà á sí ìdí ṣòkòtò, mo lọ sùn. Nígbà tó gbẹ, mo tọrọ ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ mẹ́káníìkì àdúgbò, mo fi kun àyà rẹ̀. Ó dára kọjá àfẹnusọ.

Ó tilẹ̀ dára jù. Lọ́jọ́ àpèjọ náà, ní ibùdókọ̀ Toyota, danfo tí mo wọ̀ láti Ìyànà-Ìsọlọ̀ lọ sí Òṣòdì húkọ́, ó sì kú. Kọ̀ńdọ́ yíjú sí mi: “Ògá mẹ́káníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó.”

Mo ní èmi kì í ṣe mẹ́káníìkì. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n ẹja yíyan lé itan wo ọ́ìlì àyà mi. “Ọmọ mi, tó bá jẹ́ owó lo fẹ́ gbà, sọ iye ẹ. A fẹ́ máa lọ.”

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé iwin fún ọkọ̀ tó kún? Mo sọ̀ kalẹ̀. Danfo Volkswagen àtijọ́ ni, ẹ́ńjìnnì wọn wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀; ẹni tó bá fẹ́ rí i, àfi kó tẹ̀ kanlẹ̀. Mo tẹ̀. Aṣọ dún fààà, láti abẹ́ ìdí títí dé ìbàdí.

Ṣé ẹ rí i, bí ènìyàn bá tẹ̀ba, ẹ̀yìn rẹ̀ á gùn sí i. Ṣòkòtò á wálẹ̀ díẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì á yọ síta, kò séwu. Èyí tí wọ́n rán pọ̀ ò ríbi yọ sí. Ìdí nìyẹn tí téèpù fi gbọ́dọ̀ ti èjìká sọ̀ kalẹ̀ níwájú, kó gba àárín itan, kó gun ẹ̀yìn padà sí èjìká yẹn, kí wọ́n tó wá fi íńṣì 3 tàbí 4 kún un. Èmi ò fi nǹkan kan kún un. Òwú polyester ni mo fi rán an, bílíìṣì ò rí i gbé ṣe. Ojú rírán dúró digbí, kakí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ya bíi bébà tó rin.

Awakọ̀ tó jókòó síwájú, tí kò mọ nǹkan kan, pariwo: “Ògá, kí lẹ rí?”

Kọ̀ńdọ́ dá a lóhùn: “Àwa la rí i o!”

Ohun tí wọ́n rí ni pátá aláwọ̀ ewé tí rọ́bà rẹ̀ ti dẹ̀. Inú sì bí mi, mi ò ní purọ́. Gbogbo ọwọ́ ló yá láti yọ fóònù, kò sí ọwọ́ kan tó yá láti bo ènìyàn. Kí lẹ fẹ́ fi fídíò ìdí mi ṣe? Ìyá ẹlẹ́ja nìkan ló tú ìborùn ọrùn rẹ̀ sọ sí mi. Èyí tó tún dùn mí ni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ọjà Aswani ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n bá ń ná an, ènìyàn lè rí kófárọ́ọ̀lù òkìrìkà níbẹ̀, èyí tó ti gbó fúnra rẹ̀, tí ẹni tó mọ ìwọ̀n ìdí ọmọ ènìyàn sì rán.

Wọ́n ti ọkọ̀ náà, ó dáhùn. Mo rọra jókòó sórí ìborùn tó ń rùn bí ẹja. Kọ̀ńdọ́ na ọwọ́: “Ẹ ò tún ọkọ̀ ṣe o. Owó yín dà?”

Àpò ẹ̀yìn ni mo kó o sí. Àpò ẹ̀yìn ti bá ìdí aṣọ lọ. Ìyá ẹlẹ́ja ló bá mi san án.