Àjọjẹ Ò Dùn Bẹ́nìkan Ò Ní: Ajá Nídìí Tábìlì Lórí Òkè

Àwọn àgbà Yorùbá ló ní àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní, èyí tó fi hàn pé bí àwọn ènìyàn bá yí abọ́ kan ká, tí ọ̀kan nínú wọn sì jókòó lásán tó ń wo òkèlè bí ó ti ń lọ sí ẹnu ẹlòmíràn, ọbẹ̀ náà kò ní dénú ẹni tó ń jẹ ẹ́. Òwe yìí kò mẹ́nu ba ajá. Àwọn tó pa á mọ ibi tí ajá ń dúró sí nígbà oúnjẹ, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ ògiri tàbí ìdí ààrò, níbi tí eegun ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé bá ti họ ẹran ara rẹ̀ tán, kò sì sí ẹni tó ka èyí sí ìwà ìkà. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú ìgbafẹ́ orí òkè ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, bíi Idyllwild, Big Bear Lake àti Truckee, níbi tí àwọn ará ìlú ńlá ń sá gùn lọ nítorí afẹ́fẹ́ tútù, igi páìnì àti yìnyín, ó jọ pé wọ́n gba òwe náà gbọ́ ju àwọn tó ni ín lọ, nítorí àánú ẹni tí kò ní wọ̀ wọ́n lára débi pé wọ́n fa ajá wá sídìí tábìlì.

Òfin kò kọ́kọ́ gbà fún wọn. Kí ó tó di 2015, òfin ìmọ́tótó oúnjẹ ìpínlẹ̀ náà ka ẹran ọ̀sìn léèwọ̀ ní ilé oúnjẹ, àyàfi ajá tí a kọ́ láti máa ṣiṣẹ́ fún aláàbọ̀ ara àti irú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2014 ni ilé aṣòfin ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní AB 1965, Gómìnà Jerry Brown buwọ́ lù ú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2015. Ohun tó wí ni pé onílé oúnjẹ tó bá fẹ́ lè gba ajá láyè ní ìjókòó ìta, bí ìjọba ìbílẹ̀ kò bá ti kọ̀ ọ́, kìkì pé kí ajá náà má ṣe la inú ilé kọjá kí ó tó débẹ̀, kí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ tàbí kí ó wà nínú àpò tí wọ́n fi ń gbé ajá, kí ó má ṣe gun àga, bẹ́ǹṣì tàbí tábìlì, kí abọ́ tí wọ́n bá fi bu oúnjẹ fún un jẹ́ irú èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń sọ nù, kí òṣìṣẹ́ tó ń gbé oúnjẹ má sì fọwọ́ kàn án lẹ́nu iṣẹ́, bí ó bá sì ṣèèṣì kàn án, kí ó lọ fọ ọwọ́. Òfin tó mọ́gbọ́n dání ni, kò sì sí ìdí láti bú àwọn tó ṣe é. Ní 2022, FDA, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fi irú ìyọ̀ǹda kan náà sínú àpẹẹrẹ òfin oúnjẹ tí ó máa ń gbé jáde fún gbogbo ìpínlẹ̀.

Àwọn oníbàárà ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà di àsè. Òfin ní kí ajá wà nílẹ̀; itan ni ọ̀pọ̀ ń gbé e sí, nítorí òfin dárúkọ àga, kò dárúkọ itan, wọ́n sì ń fi fọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń jẹun gan-an fi ẹran sí i lẹ́nu. Àwọn ilé oúnjẹ mìíràn ti tẹ ìwé oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún ajá, níbi tí adìẹ bíbọ̀ tí kò níyọ̀ ti gba orúkọ gígùn àti iye owó tó bá orúkọ náà mu. Ajá kò lè ka ìwé náà, imú ló sì fi ń mọ oúnjẹ, kò sì sí ẹ̀rí pé adìẹ orí òkè ń ta sánsán sí i ju ti ilé lọ. Èyí tó tún wá burú ni pé májèlé ni púpọ̀ nínú ohun tó wà lórí tábìlì jẹ́ fún àlejò pàtàkì yìí: àlùbọ́sà àti aáyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, èso àjàrà lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, ṣokoléètì sì lè dá ọkàn rẹ̀ láàmú. (Ní Oǹdó, bí ẹnìkan bá wí pé òun àti ajá òun jọ ń lọ sí ibi oúnjẹ, àwọn tó gbọ́ yóò fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn méjèèjì ni yóò padà wálé.)

Nígbà tí ìjókòó ìta bá kún tàbí tí òtútù bá mú, ọgbọ́n mìíràn yọjú. Òfin ìjọba àpapọ̀ nípa ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí wọ́n ṣe ní 1990, fàyè gba ajá tí a kọ́ ní iṣẹ́ kan pàtó fún aláàbọ̀ ara láti wọ inú ilé oúnjẹ, ìbéèrè méjì péré ni òṣìṣẹ́ sì lè bi olówó rẹ̀: ṣé nítorí àìlera ni ajá náà fi wà pẹ̀lú rẹ̀, àti pé iṣẹ́ wo ni wọ́n kọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ béèrè ìwé ẹ̀rí. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń ra ẹ̀wù iṣẹ́ fún ajá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ajá tí kò mọ iṣẹ́ kankan ju oorun lọ lè gba ẹnu ọ̀nà afọ́jú wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin California lè fi ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kí ó gba 1,000 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Idyllwild, tó ga ju 1,600 mítà lọ ní òkè San Jacinto, wọ́n ti kọjá ti oúnjẹ. Ìletò náà kò ní ìjọba tirẹ̀, nítorí náà ní 2012, ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń dóòlà ẹranko ṣètò ìdìbò láti yan ẹranko kan ṣe olórí ìlú, ìbò kan fún dọ́là kan, ẹni tó bá sì lówó lè dìbò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Dìbò kí o sebẹ̀ tí àwọn ará Èkìtì mọ̀ ni wọ́n yí lórí padà yìí, nítorí olùdìbò ni ó ń sanwó. Ẹni tó wọlé ni Max, ajá onírun wúrà, irú èyí tí àwọn ará Scotland mú jáde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún láti máa gbé ẹyẹ tí ọdẹ bá yìn bọ̀ wá fún un. Wọ́n so táì mọ́ ọmọ ọdẹ yìí lọ́rùn. Nígbà tí ó kú ní 2013, Max kejì rọ́pò rẹ̀, nígbà tí ìyẹn náà sì lọ ní 2022, Max kẹta gorí oyè, kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tí ìkíní ṣe.

Ta wá ni kò ní nídìí àjọjẹ yìí? Ajá ní, olówó rẹ̀ ní. Ẹni tó dúró lórí ìró tó ń gbé abọ́ méjèèjì bọ̀ ni kí a wò. Ní àwọn ìlú orí òkè wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ilé tí òṣìṣẹ́ ìbá yá ni àwọn onílé ti sọ di ibi tí wọ́n ń gba àlejò ọjọ́ méjì mẹ́ta sí, nítorí pé òpin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ arìnrìn-àjò lè ju owó ilé oṣù kan lọ, agbóúnjẹ sì ń ti ìsàlẹ̀ òkè wakọ̀ gun ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ wá síbi iṣẹ́. Ọ̀ràn náà le débi pé ní 2022, ìjọba agbègbè Riverside dá ìwé àṣẹ tuntun fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Idyllwild dúró fún ìgbà kan. Àwọn tó ti gba ìwé àṣẹ tẹ́lẹ̀ kò dáwọ́ dúró, púpọ̀ nínú wọn sì ń kọ ọ́ sínú ìpolówó wọn pé ilé àwọn gba ajá, pé owó díẹ̀ ni a ó fi kún un fún ajá kọ̀ọ̀kan, ibùsùn rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀.