Etí Tí Kò Mọwọ́ Mẹsẹ̀

Ẹni tó bá ti gbé Kàdúná rí mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣú fún ikùn níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun Ìṣáì tán, mai shayi, ìyẹn alátíì, á gbé bẹ́ǹṣì síta, á dáná sí kẹ́tùlù, á máa da tíì láti inú kọ́ọ̀bù kan sí òmíràn títí yóò fi yọ ìfófòó. Tèmi wà nítòsí ilé wa ní Sabon Tasha. Bí ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, bá ti sùn, mo ti yọ́ jáde. Búrẹ́dì, ẹyin díndín, tíì. Mílíìkì alágolo tó ki yẹn, ṣúgà súnmọ́ ìdajì rẹ̀; mai shayi á tún bu ṣúgà lé e, n kò sì kọ̀ rí. Dàbínò ni mo fi ń sùn, mo ń jẹ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tó yá, etí òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo ní ọyẹ́ ni. Mo rọ àdín sí i, ìrọ̀rí ń rùn. Mo fi òwú dí i, Ìyá Ìbejì pè mí, n kò gbọ́, ìyẹn tún di ẹjọ́ mìíràn.

Ó ṣe tán, Kàdúná ni ilé-ìwòsàn etí ti ìjọba àpapọ̀ wà. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá lásán ló gbé mi débẹ̀, mo sì ń yan. Dókítà wo etí mi, àdín nìkan ló bá.

"Ẹ la ẹnu, sà."

"Etí ni, dókítà."

"Ẹ ṣáà la ẹnu."

Ihò ńlá ló wà lára eyín ìsàlẹ̀ lẹ́yìn pátápátá. Iṣan kan náà ló ń gbé ìròyìn eyín ìsàlẹ̀ àti apá kan etí lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ a sì máa ṣi ilé.

Dókítà eyín tí wọ́n ní kí n lọ rí bi mí pé kí ni mò ń jẹ lóru. Mo ní tíì lásán. Ó ní kòkòrò ẹnu ló ń jẹ ṣúgà, tó ń sọ ọ́ di ásíìdì tó ń jẹ eyín. Itọ́ tó ń fọ̀ ọ́ dànù lọ́sàn-án kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sun mọ́ béèyàn bá ti sùn. Ó tún mẹ́nu ba ìwádìí kan tó jáde ní 2010, lórí àwọn ará Dẹ́nmáàkì tó lé ní 2,200: àwọn tó ń jí jẹun lóru ni eyín wọn ń yọ jù.

"Èmi kì í jí ní tèmi o," mo ní. "N kò tíì sùn ni."

Kò dá mi lóhùn. Ó mú ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ́ eyín.

Wọ́n dí ihò náà. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì ni kó máa wọ ẹnu mi kẹ́yìn kí n tó sùn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ológbò ni mo fi ń wọlé. Ní báyìí, omi á máa dún, búrọ́ọ̀ṣì á máa họ eyín ní aago kan òru, Ìyá Ìbejì á sì ké láti yàrá: "Bàbá Ìbejì, ẹyin mélòó ni wọ́n dín fún yín lónìí?"