Àgbẹ̀ Òjijì Nígbà Ọ̀wọ́n

Ọ̀gbìn ẹ̀yìnkùlé, ìyẹn oúnjẹ tí ẹni tí kò ní oko ń gbìn sí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù láyìíká ilé rẹ̀, jẹ́ àṣà tí ọ̀wọ́n máa ń jí dìde ní Nàìjíríà. Ní 1976 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀, èyí tó rọ akọ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́ pé kí àwọn náà di ọkọ́ mú. Nígbà tí ìjọba sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan ré kọjá náírà 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí owó ọkọ̀ àti owó gàrí sì ń lé tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ènìyàn tún rántí ẹ̀yìnkùlé wọn. Òǹkọ̀wé yìí, tó fi Ìsarà Rẹ́mọ ṣe ibùgbé, wà lára wọn, àṣìṣe tirẹ̀ sì ni a ó gbé yẹ̀ wò níhìn-ín.

Ẹ̀gẹ́ ló kọ́kọ́ gbójú lé, nítorí pé inú rẹ̀ ni gàrí Ìjẹ̀bú, èyí tó kan tó sì kúnná, ti ń wá. Igi ẹ̀gẹ́ tí a gé kéékèèké ni a ń gbìn, ojú ara igi náà, ìyẹn ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, sì gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé dorí gbogbo rẹ̀ kodò. Ìyá àgbà kan tó ń ti ọjà bọ̀ wo ebè náà títí, ó ní, “Ọmọ mi, ta lò ń gbin ẹ̀gẹ́ yìí fún, àwa ni àbí àwọn ará abẹ́ ilẹ̀?” Òǹkọ̀wé fèsì pé, “Ẹ̀yà tuntun ni, mà,” irọ́ náà sì ta gbòǹgbò ju ẹ̀gẹ́ lọ, nítorí pé kò pẹ́ tí aládùúgbò kan fi wá tọrọ igi rẹ̀.

Tẹ̀tẹ̀, tí a lè já láàárín oṣù kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló kàn. Ìgbẹ́ adìẹ dára fún ẹ̀fọ́, àmọ́ a ní láti jẹ́ kó jẹrà kí ooru rẹ̀ tó rọlẹ̀. Tútù ni òǹkọ̀wé kó o sórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀fọ́ fi jóná, tí òórùn sì lé àlejò kúrò nílé. Nígbà tó tún un gbìn, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà nítorí ewúrẹ́, láìrántí pé ewúrẹ́ fẹ́ràn imọ̀ ọ̀pẹ gan-an. Wọ́n fi ọgbà náà jẹun àárọ̀, wọ́n sì fi tẹ̀tẹ̀ jẹun ọ̀sán.

Bí a bá ṣírò owó ọkọ́, irúgbìn, ìgbẹ́ adìẹ àti owó ẹni tó bá a ṣán ilẹ̀, olówó ewúrẹ́ nìkan ló jèrè, nítorí pé òǹkọ̀wé ṣì ń ra tẹ̀tẹ̀ lọ́jà. Síbẹ̀, àìmọṣẹ́ nìkan kọ́ ni ẹ̀bi náà. Ẹ̀gẹ́ a máa lo oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbó, ewùrà tí a fi ń se ìkọ́kọrẹ́ náà sì ń gba ọ̀pọ̀ oṣù, bẹ́ẹ̀ ni ebi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí ìyá àgbà náà ń gbà ṣe tirẹ̀ yàtọ̀: ọdọọdún ló ń gbin ẹ̀gẹ́, ìbáà wọ́n ìbáà pọ̀, ilẹ̀ ló fi ṣe àká, iye tó bá fẹ́ jẹ ló ń wú, ẹ̀fọ́ ló sì fi ń dí àlàfo àárín. Oúnjẹ tí yóò gbani lọ́jọ́ ọ̀wọ́n ti gbọ́dọ̀ wà nínú ilẹ̀ kí ọ̀wọ́n tó dé.