Àwọn Adájọ́ Géèmù

Official PlayStation Magazine ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wà láti 1995 sí 2004, a máa há síìdì ìtọ́wò, ìyẹn èyí tó gbé díẹ̀ nínú géèmù kí òǹkàwé lè tọ́ ọ wò kó tó ra odindi, mọ́ ara ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ń gba owó ìpolówó lọ́wọ́ ẹni tí ìwé náà ń dájọ́ géèmù rẹ̀, ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí owó ti ń ṣáájú páàdì, kò sí ìtọ́wò kankan; òǹwòran tí kò san kọ́bọ̀ ló ń dájọ́ jù, ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi góòlù 4 sí òdo nà a máa kéde pé páàdì ni kò dára.